Àtúnṣe: LDL nìkan kò tó
Nínú àpilẹ̀kọ yín, ẹ kọ ọ́ pé àgbàlagbà ará Kòríà tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù LDL rẹ̀ (èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú) kò ga ti bọ́ lọ́wọ́ metabolic syndrome, ìyẹn àkójọ àwọn àmì tó ń mú kí ewu àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí LDL kò tilẹ̀ sí nínú àmì 5 tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: ìbàdí tó tó 90 sẹ̀ǹtímítà yíká fún ọkùnrin tàbí 85 fún obìnrin níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tó ga, triglyceride (ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀) tó ga àti HDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere) tó kéré; 3 nínú wọn ti tó. Iye kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù LDL pàápàá lè tan ni jẹ: ẹyọ LDL kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tíńtín tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ní pùròtéènì apoB kan ṣoṣo, nítorí náà apoB ń fi bí ẹyọ náà ṣe pọ̀ tó hàn. Bí àwọn ẹyọ kéékèèké bá pọ̀, apoB lè ga láìjẹ́ pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú wọn pọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tí ikùn rẹ̀ ti yọ lè torí ọ̀rọ̀ yín kọ àyẹ̀wò sílẹ̀.