Ìkòkò Aró tí Òǹkọ̀wé Gbé Jù Sílẹ̀

Láti àárọ̀ Sátidé ni inú mi kò ti dùn, ìwé ìtàn kan ni ó sì fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ni ó kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé kí n jọ̀wọ́ fi owó apá kejì ìwé náà ránṣẹ́, nítorí pé gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ń kà á. Èmi ni mo ra apá kìíní fún un ní Pánṣẹ́kẹ́, èmi ni mo sì kọ́kọ́ kà á tán kí ó tó kàn án, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dára púpọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ó ti ń dùn mí. Ọmọbìnrin kan ń gbé ní agbo ilé aláró. Bí ó bá ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró tí aṣọ ẹnìkan wà nínú rẹ̀, yóò rí ohun tí ẹni tí ó ni aṣọ náà fi pamọ́ sínú. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá rí i, ohun kan nínú ayé tirẹ̀ yóò parẹ́ kúrò ní iyè rẹ̀. Ní orí kejì, ó jí ní òwúrọ̀, kò sì rántí orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún mọ́. Ìyá náà kọ orin náà fún un, ọmọ náà sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ń wo àlejò. Mo gbé ìwé náà lé itan, ó pẹ́ kí n tó lè ṣí ojú-ewé tí ó tẹ̀lé e.

Ọmọ aláró ni èmi náà. Ọjà Ìtòkú ni ìyá mi ti ta àdìrẹ, ẹ̀yìnkùlé wa ni ó sì ti ń rẹ aṣọ láró, pẹ̀lú ewé ẹlú àti omi eérú. Mo mọ bí aṣọ ti ń rí nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú ìkòkò: kì í ṣú lójú ẹsẹ̀; àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò máa dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí mọ̀ ọ́n. Odidi ojú-ewé kan ni ó fi ṣàpèjúwe rẹ̀, tí ọmọbìnrin náà sì ń ka iye èémí tí òun yóò mí kí àwọ̀ náà tó yí padà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ọwọ́ ìyá mi ni mo rí, àti èékánná rẹ̀ tí aró kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ọba dé. Orí keje ni ó wọlé, pẹ̀lú ẹwà rẹ̀ àti àpá kan tí kò fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, láti ìgbà náà ni a kò sì ti gbúròó ìkòkò aró mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọmọbìnrin náà lo agbára rẹ̀ láti gba ọmọ ọba náà lọ́wọ́ ikú, mo kà á, kò sì sí ohun kan ṣoṣo tí ó gbàgbé.

Àwọn kan yóò ní ìwé ọ̀dọ́ ni, kí n jẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn. Èmi kò gbà. Amos Tutuola, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta wa níbí ní ọdún 1920, kò pẹ́ ní ilé ìwé. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé ìtàn ọ̀mu-ẹmu kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1952, ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni kí èlé máa wọlé lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n gba ẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ikú kò dá a padà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù lè bà wọ́n, wọn kò sì lè kú. Tutuola kò gbàgbé ọjà tí ó ti ná.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì.

“Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé ó ti gbàgbé pé òun ń gbàgbé nǹkan ni?”

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sí orí kẹwàá. Níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń la ọjà kọjá, obìnrin kan sì ké pe ọmọbìnrin náà ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí ìyá rẹ̀ nìkan ń pè é ní orí kìíní. Kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ obìnrin náà dúdú dé ọrùn ọwọ́. Kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, mo sì ti rò nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé àìfarabalẹ̀ òǹkọ̀wé ni.

Mo ti tún un kà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta báyìí. Bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ni, ó yẹ kí òǹkọ̀wé fún un ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, n kò sì tíì kúrò lórí èyí. Ṣùgbọ́n mo ti fi owó apá kejì ránṣẹ́, mo sì ti sọ fún ọmọ náà pé bí ó bá ti kà á tán, kí ó gbé e wá fún mi.