Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣàánú náà jẹun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Ìbàdàn yìí tó máa ń dùn mí wọra. Bí àwọn ènìyàn bá ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé kúlà kọ́ èjìká, tí wọ́n ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé láti kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, ẹnìkan á sọ pé, "Ẹ má wulẹ̀ dá wọn lóhùn, owó ni wọ́n ń wá." Bí ọmọ ẹgbẹ́ Red Cross bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti dànù, tó ń di ojú ọgbẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n á tún sọ: owó òyìnbó ni wọ́n ń jẹ. Mi ò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe pé irọ́ ni nígbà gbogbo o, àwọn kan ń gbowó nínú wọn lóòótọ́. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, bí wọ́n bá gbowó, kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ná. Láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ lọ gba oògùn ní ibùdó ìlera, wọ́n á tò ó sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Lára ìgò oògùn náà, àmì róbótó kan wà tó ní igun mẹ́rin funfun kékeré láàárín. Bí ooru bá ṣe ń mú oògùn náà ni funfun yẹn á máa ṣú. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bá ti òbírí tó yí i ká dọ́gba, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn ò gbọdọ̀ fi kan ọmọ lẹ́nu. Nítorí náà, bí oòrùn ṣe ń mú wọn lórí, ojú wọn ò kúrò lára ìgò. Ẹ̀kán méjì, wọ́n á fi yíǹkì kun ọmọ-ìka ọmọ náà, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára ògiri, ó di ojúlé kejì. Ẹni tó bá mọ agbo ilé ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjẹ́ mọ̀ pé ojúlé kejì yẹn lè jẹ́ ìdílé mẹ́jọ lábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí mọ́gàjí. Wọ́n á tún àlàyé ṣe fún ìyá tó ní bàálé òun ò sí nílé. Ibòmíràn, wọ́n á kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú ni.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá kan ní Yemẹtu lé ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó jáde ní pólì. Bàbá ní, "Ẹ̀yin tí wọ́n ń san dọ́là fún, ẹ má dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ mi." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀kán méjì péré ni. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé e wá síwájú yín, kí ẹ máa wò ó." Bàbá ò gbà. Ọmọbìnrin náà kọ ilé náà sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó ní ẹ kúulé o. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó mú ìyá àgbà kan dání, ẹni tí òun àti bàbá jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀, bàbá ní kí wọ́n gbé ọmọ wá. Mo bi ọmọbìnrin yẹn nípa dọ́là. Ó ní owó ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ní ìyípo tó kọjá, ìyẹn ìgbà tí wọ́n jáde kán oògùn kẹ́yìn, àwọn ò tíì rí i gbà.

Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń rìn ojúlé dé ojúlé ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 láti kéde pé irú àrùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "wild polio" ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà la sì dúró dè kẹ́yìn. Ní Kánò, ní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún gbé kúlà jáde lẹ́yìn ìyẹn.

Àwa la ń fẹ́ kí ọkàn aláàánú mọ́ bíi ti áńgẹ́lì kó tó lè ràn wá lọ́wọ́. Henry Dunant, ọmọ Switzerland tó wà lára àwọn tó dá Red Cross sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òwò ló gbé e débi tó ti rí ohun tó yí ayé rẹ̀ padà. Ní 1859, ó ń wá Napoleon III, ọba Faransé, kiri, kó lè bá a yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi tí iléeṣẹ́ rẹ̀ nílò ní Algeria. Ìgbà tó dé itòsí Solferino ní Ítálì, ogun ọjọ́ kan ti da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa bu omi fún wọn mu. Ó pa ti òwò tì. Òun àti àwọn obìnrin ìlú Castiglione jọ ń wẹ ojú ọgbẹ́ wọn, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ọ̀dọ̀ ta ló ti wá jà. Láti inú ìyẹn ni ẹgbẹ́ náà ti jáde ní 1863. Ní 1867 òwò rẹ̀ wó, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ tó bá wọn dá sílẹ̀, ó sì jìyà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ayé tó rántí rẹ̀, tí wọ́n fún òun àti Frédéric Passy ní ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ fún àlàáfíà ní 1901. Tí ẹ bá pàdé ọkùnrin yìí lójú ọ̀nà Solferino, tí ẹ bi í pé kí ló ń wá, ajé ló máa sọ.

Báyìí náà ni tiwa. Ọ̀kan wọnú iṣẹ́ yìí torí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá Apẹ́tẹ́ lọ, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 bá a lọ. Àwọn tí kò mọ̀ rí ló fà á jáde nínú omi. Ẹlòmíràn ń wá láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹlòmíràn jáde ìwé, kò ríṣẹ́, ó fẹ́ kí ohun kan wà nínú ìwé ìwáṣẹ́ òun. Ẹlòmíràn ń wá ọ̀nà àtijápa. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń sìn nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ náà ni yóò ti jẹ. A ń fún àlùfáà, a ń fún àáfà, kò sẹ́ni tó ní ìgbàgbọ́ wọn ò jinná torí pé wọ́n gbà á.

Mo mọ ibi tí àìfọkàntán yìí ti wá. Nígbà kòrónà ní 2020, gbogbo wa la rí oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n kó pa mọ́ sínú ilé ìkẹ́rù ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nígbà tí ebi ń pa aráàlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù wà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gbé kúlà. (Àwọn olóṣèlú tó ń fi kámẹ́rà síwájú àpò ìrẹsì, èmi ò tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ àwọn tí mò ń sọ.)

Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn ju gbogbo èyí lọ: iṣẹ́ ni iṣẹ́ ìrànwọ́, ó ń fẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní Islamic High School ní Baṣọ̀run, àwọn ọmọ wa wá síbi àríyá ọdún tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, 35 ọmọ kú. Títò èrò, ṣíṣí ẹnu ọ̀nà púpọ̀, mímọ ìgbà tó yẹ kí a dá ènìyàn dúró ní títì kí wọ́n tó kún inú ọgbà, ẹ̀kọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ irú nǹkan báyìí, tí a kò sanwó fún, yóò fi í sílẹ̀ lọ ta káàdì fóònù, àwa la ó sì pàdánù ìmọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó sì ń kú nídìí iṣẹ́ yìí, ọmọ ìbílẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2024 nìkan, òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ tí wọ́n pa káàkiri ayé lé ní 380. Níbí, Saifura Khorsa àti Hauwa Liman, agbẹ̀bí méjèèjì, ni wọ́n jí gbé ní Rann ní ìpínlẹ̀ Borno ní oṣù kẹta ọdún 2018. Wọ́n pa Saifura ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n pa Hauwa ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin tí ogun lé kúrò nílé, owó oṣù sì wà nínú rẹ̀. Ta ló máa dúró níwájú ìyá wọn láti sọ pé owó ni wọ́n bá lọ?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè káàdì ìdánimọ̀ wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ìgò oògùn hàn yín, kí ẹ wo àmì yẹn fúnra yín. Ẹ má kàn fi owó bú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣètò ìyípo wọ̀nyí, ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí, ẹ fún wọn ní bàtà òjò, ẹ ṣe ìbánigbófò fún wọn, owó ọkọ̀ ìyípo tó kọjá tó ṣì wà lọ́rùn yín, ẹ san án kí ẹ tó tún pè wọ́n jáde.