Ọmọ tó ń pọnmi, kí ló tún fẹ́ fi eré ìdárayá ṣe?

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Síkúùlù àwọn ọmọ mi ti yọ píríọ̀dì eré ìdárayá kúrò ní táìm-tébù JSS3, wọ́n fi máàtì sí i, wọ́n ní ìdánwò ti sún mọ́lé. Bàbá wọn ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tó ń pọnmi tó ń gbálẹ̀ láràárọ̀, kí ló tún ń sáré kiri fún. Kí lẹ rí sí i?

Àgbà Alékùwọdò: Òótọ́ lọkọ yín sọ. Ta ló kọ́ àwa ní ẹsasáìsì? A pọnmi, a fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko lọ bọ̀, ara wa sì le koko. Ẹ jẹ́ kọ́mọ kàwé jàre.

Kóòṣì Òròkí: Bàbá mi, ẹ má bínú o, iṣẹ́ ara yàtọ̀ sí eré ìdárayá. Ohunkóhun tó bá ti mú iṣan ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ara ni, ì báà jẹ́ omi pípọn, iyán gígún tàbí ká rìn dé Ọjà Ọba. Eré ìdárayá lèyí téèyàn dìídì ṣètò, tó ń ṣe é léraléra kí ara lè dáa sí i. Eré ìdíje ló wá ní òfin àti rẹfirí, tó lẹ́ni tó borí. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe ara láǹfààní, mi ò bú omi pípọn, àmọ́ ṣé ó mú ọmọ yẹn mí hẹlẹ? WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ní ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ tára ẹ̀ á fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó, ẹ ní kó sọ̀rọ̀ kó tún kọrin. Tó bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀: 60 kẹ̀! Lẹ́yìn lẹ́sìn ilẹ̀ ti ń ṣú, wọn ò tíì ṣe asaìmẹ́ǹtì, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ráyè?

Kóòṣì Òròkí: Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni wọ́n máa ṣe é mọ́mì. Ìrìn kíákíá lọ síléèwé wà ńbẹ̀, súwe àti tẹ́ńtẹ́ń nígbà bíréèkì wà ńbẹ̀, okùn fífò náà wà ńbẹ̀. Ẹ ṣáà ṣe é pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà: Àgbà, omi wo gan-an là ń sọ? Bọhóòlù ti wà nínú ọgbà, ọmọ kàn ṣí táàpù ni. Kòròpè ló ń gbé e láti ẹnu ọ̀nà dé géètì síléèwé, ó jókòó sí kíláàsì títí ọjọ́ fi rọ̀, ó délé ó di fóònù mú. Ara tẹ́ ẹ fi rin ọ̀nà oko yẹn, ibo làwọn ọmọ yìí ti fẹ́ rí i?

Àgbà Alékùwọdò: 😂 Ìyẹn náà wà ńbẹ̀ o. Àmọ́ máàtì ṣì ni máàtì.

Ọmọ SS2: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí ò jẹ́ ká fẹ́ràn ẹ̀ ni pé téèyàn bá pẹ́ dé láàárọ̀, láì tíì jẹun, fúrọ́ọ̀gì jọ́ǹpù ni wọ́n máa ní kó ṣe yí fíìdì po, kó di etí mú kó máa fò títí itan ẹ̀ á fi máa gbọ̀n, tó bá wá di píríọ̀dì eré ìdárayá tíṣà kan náà á ní ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ fò, kí ló fẹ́ mú un dùn mọ́ wa? Àwa rò pé wọ́n tún ń fìyà jẹ wá ni.

Tíṣà Gbọ̀ngán Road: Ṣé kí n fi pàṣán nà yín ni ẹ fẹ́? Ọmọ tó pẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun pẹ́.

Kóòṣì Òròkí: Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀ kíláàsì. Ọmọ tára ẹ̀ ò tíì gbóná, tẹ́ ẹ ní kó lóṣòó kó máa fò, orúnkún ẹ̀ lẹ fẹ́ bà jẹ́ yẹn. Kéèyàn tó ṣe eré tó le, kó kọ́kọ́ rìn kíákíá, kó máa gbé orúnkún sókè, kó máa ju apá yí po, bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé inú iṣan. Tó bá sáré tán kó má jókòó lójijì, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí èémí ẹ̀ á fi balẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà yẹn, téèyàn bá dúró gbagidi òòyì lè kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá na iṣan, jẹ́jẹ́, láì máa já a pàpà.

Màmá Tèmi: Jínótáìpù ọmọ tèmi SS ni, mo ti ní kó máa jókòó ti àpò àwọn tó kù ni.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà: Ẹ má sé e mọ́lẹ̀ pátápátá mà. Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn lè ṣe eré tí ò le, kó máa sinmi láàárín, kó máa mumi, kó má lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù, kí ẹnikẹ́ni má sì fipá mú un sáré ìdíje. Ẹni tó ní ásímà náà, kí ínhélà wà lápò ẹ̀.

Ọmọ Ìgbóǹnà: Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, sá 100m onígi, eré tí wọ́n ti ń fo igi, ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní July 2022 l'Amẹ́ríkà, ó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Ká ní wọ́n ti fi máàtì rọ́pò tiẹ̀ ńkọ́?

Àgbà Alékùwọdò: Amusan mélòó ló wà? Ọmọ mi fẹ́ ṣe akáńtíńgì.

Kóòṣì Òròkí: Akáńtáǹtì náà lọ́kàn láyà bàbá. Amusan nílò eré tó yá bí iná, ọmọ tiyín ò nílò ìyẹn. Kó ṣáà lè gun àtẹ̀gùn láì mí hẹlẹ, kó gbé ẹrù tó wúwo díẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ kan ẹsẹ̀ láì pariwo, ó tó. Ara tó ń ṣeré máa ń sùn dáadáa, orí sì máa ń gba ìwé sí i, kí máàtì tẹ́ ẹ ń jà fún náà lè wọlé.

Tíṣà Gbọ̀ngán Road: Ẹ gbé e wá sí PTA ká sọ ọ́ níbẹ̀. Mo máa jáwọ́ nínú fúrọ́ọ̀gì jọ́ǹpù, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ máa fọ tọ́íléètì.

Ọmọ SS2: Sà, ẹ jẹ́ ká padà sí fúrọ́ọ̀gì jọ́ǹpù 😭

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀: Mò ń bọ̀ ní PTA. Àgbà, ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti gbà?

Àgbà Alékùwọdò: Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Kóòṣì Òròkí: Ẹ̀ẹ̀mẹta bàbá.

Àgbà Alékùwọdò: Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ má sì fọwọ́ kan píríọ̀dì máàtì.