Ta ló ní dandan ni kí metamodel jẹ́ ipele mẹ́rin?

Metamodel ni àwòṣe tó ń sọ bí a ṣe ń kọ àwòṣe mìíràn. Ẹni tó bá ti kọ́ UML rí (èdè àwòrán tí a fi ń ṣàpèjúwe ètò kọ̀ǹpútà) mọ orin yìí lórí: M0 ni àwọn nǹkan gidi, M1 ni àwòṣe tiwa, M2 ni UML fúnra rẹ̀, M3 ni MOF, èdè tí wọ́n fi ṣàpèjúwe UML, tó wà lókè pátápátá. Mẹ́rin, ó parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé àjọ OMG, tó ń ṣe ìlànà UML àti MOF, ló fi í ṣòfin.

OMG kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà MOF 2 tiwọn gan-an ló sọ pé iye ipele lè jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ṣáà má ti dín sí méjì. Òkè M3 tí wọ́n dúró sí náà, wọ́n yàn án ni: MOF ni wọ́n fi ṣàpèjúwe MOF, kò tún sí ìdí láti gòkè sí i.

Ká tiẹ̀ fi iye sílẹ̀. Èrò tó ń fa wàhálà jù wà lábẹ́ rẹ̀, pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kíláàsì (ìyẹn irú kan) tàbí kó jẹ́ ọ́bjẹ́ẹ̀tì (ìyẹn nǹkan pàtó kan lábẹ́ irú náà), kò lè jẹ́ méjèèjì. (Kò yẹ kí ẹni tó ń fi èdè Python kọ ètò gba èyí gbọ́ rárá, ọ́bjẹ́ẹ̀tì ni kíláàsì níbẹ̀.) Ẹ wo Boeing 737. Lójú ẹni tó ń to irú ọkọ̀ òfurufú jọ, ọ́bjẹ́ẹ̀tì ni: ó ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ó ní ẹ́ńjìnnì 2. Lójú ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀, kíláàsì ni, torí pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀ ló ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti iye wákàtí tó ti fò. Ipele mẹ́ta (irú ọkọ̀, Boeing 737, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan) ti wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí, bẹ́ẹ̀ M1 àti M0 nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó ya kíláàsì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, IrúỌkọ̀ àti Ọkọ̀, a ó wá fa ìlà láàárín wọn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí a fi ń ya àwòṣe kò mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ irú èkejì. Ìlà lásán ló rí. Gbogbo àyẹ̀wò tó yẹ kó bá wa ṣe, ọwọ́ la ó fi kọ ọ́.

Lọ́dún 2001 ni àwọn olùwádìí méjì, Colin Atkinson àti Thomas Kühne, dábàá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n gbà kí nǹkan jẹ́ kíláàsì àti ọ́bjẹ́ẹ̀tì pọ̀, wọ́n pè é ní clabject, wọ́n sì fi nọ́ńbà tí wọ́n pè ní potency sára àbùdá kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń sọ ipele mélòó ni àbùdá náà á sọ̀ kalẹ̀ kó tó gba iye. Lórí IrúỌkọ̀, iye ẹ́ńjìnnì á gba 1, nítorí náà Boeing 737 ni yóò fún un ní iye. Wákàtí tó ti fò á gba 2: á kọjá lára Boeing 737, nọ́ńbà rẹ̀ á dín kù sí 1, ọkọ̀ pàtó tó wà nísàlẹ̀ ló máa wá gba iye. Ìlà tí a fi ń díbọ́n ò wúlò mọ́.

Irinṣẹ́ fún un kò pọ̀, ká sòótọ́. metaDepth àti Melanee wà, ṣùgbọ́n EMF, irinṣẹ́ àwòṣe tí ọ̀pọ̀ ń lò lórí Eclipse, ṣì ń fi ipele méjì, kíláàsì àti ọ́bjẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣiṣẹ́. Bí irú tuntun kì í bá wọlé sínú ètò yín lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e jáde, kíláàsì àti ọ́bjẹ́ẹ̀tì lásán ti tó yín.