Pọ́ǹpù Mi Kò Kú, Ọ́ìlì Ni Ẹ Kò Pààrọ̀

Ó sú mi. Mo ní ó sú mi pátápátá! Ẹ̀yin tí a jọ ń tún fíríìjì àti éésì ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ yéé yá fákúùmù mi lọ, pọ́ǹpù tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú páìpù kí a tó rọ gáàsì, kí ẹ tún wá sọ fún mi pé ó ti kú.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni ọ̀kan nínú yín wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kan péré." Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń pọ̀ tó bá ti ku díẹ̀ kí Ojúde Ọba pé: gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ti Èkó bọ̀ ló fẹ́ kí éésì ilé bàbá òun máa tutù. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọjọ́ kan di mẹ́rin. Ìgbà tó dá a padà, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yín yìí ò fà mọ́ o," ó bá tirẹ̀ lọ.

N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tí ìyá tó ń ta ẹja yìnyín l'Ókè-Àjẹ fi pè mí pé fírísà òun ò tutù mọ́. Mo dé ibẹ̀, mo jó ojú ibi tó ń jò, mo so pọ́ǹpù mọ́ ọn, mo tan án. Ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ géèjì tó ń fi hàn bí pọ́ǹpù ṣe ń fà sí ò dé ibi tó yẹ kó dé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ wo ojú gíláàsì ọ́ìlì. Ó funfun bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò! Ọ́ìlì tó yẹ kó mọ́ gaara. Ẹja Titus ti ń ro omi sílẹ̀, ìyá náà ń wò mí lójú. Ẹ bá mi ro ìtìjú yẹn wò.

Omi ló wà nínú ọ́ìlì yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ̀? Omi tó jẹ́ pé ó dìgbà tó bá gbóná dé 100 kó tó hó, tí pọ́ǹpù bá ti fa afẹ́fẹ́ kúrò lórí rẹ̀, ooru 30 lásán á mú un hó, á di oru, pọ́ǹpù á fà á mì. Inú ọ́ìlì ni oru yẹn ń bọ́ sí. Ọ́ìlì yìí kan náà ló ń dí ojú àwọn abẹ tó ń yí nínú pọ́ǹpù. Tí omi bá ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ó parí. Ẹ tú u dà nígbà tó ṣì gbóná, ẹ rọ tuntun dé ojú ìlà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹ ò ṣe é.

Òmíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gáàsì ṣì kún inú éésì, ó so pọ́ǹpù mọ́ ọn, gáàsì tu ọ́ìlì jáde, ó dà sára ògiri oníbàárà. Òmíràn rọ ọ́ìlì ọkọ̀ sí i. Ọ́ìlì ọkọ̀! Ẹnì kan fi ọ̀sán gbáko bú pọ́ǹpù, kí n tó tú ẹnu họ́òsì rẹ̀: rọ́bà kékeré inú ibẹ̀ ti ya, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ so géèjì mọ́ ẹnu pọ́ǹpù tààrà? Tó bá fà níbẹ̀, pọ́ǹpù ò lẹ́jọ́. Tí kò bá sì yí, tó kàn ń kùn, ẹ wọn iná kí ẹ tó tú mọ́tọ̀. Ṣé gbogbo ìgbà ni iná wa ń pé 220 ni?

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn tó ti ń rọ gáàsì láìfà rárá. Ọ̀rinrin inú páìpù á lọ dì sẹ́nu páìpù bàbà tín-ín-rín, fírísà á tutù díẹ̀, á tún dáwọ́ dúró, ẹ ó sì tún gba owó gáàsì lọ́wọ́ ìyá oníyàá lẹ́ẹ̀kejì. Olè ni!

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́jọ́ yẹn kó tó mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí fírísà tó tutù, ìyá ti ta ẹja ní ìdajì owó. Ẹni tó yá pọ́ǹpù mi ò sì tíì san kọ́bọ̀ owó ọ́ìlì títí di òní. Ẹni tó bá tún fẹ́ yá a, kó gbé ọ́ìlì tirẹ̀ dání wá.