Orúkọ ẹni tó ta ọlọ́pàá lólobó

Bí olè bá wọ àdúgbò lóru ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, ọlọ́dẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ké sí, lẹ́yìn náà Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò ilẹ̀ Yorùbá. Ọlọ́pàá ló máa ń gbẹ̀yìn. Gbogbo ayé ló kúkú mọ ọ̀nà tẹ́ṣàn, ohun tí wọ́n máa bá pàdé níbẹ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Ẹni tó lọ sọ ohun tó rí lè di ẹni tí wọ́n ń da ìbéèrè bò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni kí orúkọ rẹ̀ jáde. Ìyá alákàrà tó wà ní ìkòríta mọ ọmọ tó ń gbé ìbọn kiri, ó sì mọ ilé tó ń wọ̀. Kò ní sọ ọ́, torí òun àti ọmọ náà ni wọ́n jọ máa jí sí àdúgbò yẹn lọ́la.

Nígbà tí àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, tí mínísítà ètò ìdájọ́ ní kò bófin mu, aráàlú ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ wọn ni, ó gbọ́ èdè wọn, ó mọ inú igbó. Ṣùgbọ́n bí Àmọ̀tẹ́kùn bá mú afurasí, ọwọ́ ọlọ́pàá náà ló ń fà á lé. Kò sí bí a ṣe máa yẹ tẹ́ṣàn sílẹ̀.

Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 fàyè gba ìgbìmọ̀ tí ọlọ́pàá àti aráàlú yóò ti jọ máa jókòó, ó sì kọ̀ kí wọ́n mú ìyá dípò ọmọ. Ìgbìmọ̀ ọ̀hún kò gbọdọ̀ di ti olóyè àti olówó nìkan. Kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí ọlọ́kadà wà níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó bọ́ sígboro ní oṣù Kẹwàá 2020 nítorí ìwà ìkà SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, náà sì wà níbẹ̀. (A ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí: ìkíni gba wákàtí kan, ọ̀rọ̀ olè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.) Kí wọ́n sì yé ní kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ra epo sí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó bu epo ni ọkọ̀ á máa ṣọ́ ilé rẹ̀.

Àwa aráàlú náà lẹ́bi tiwa. A ń fi táyà sun olè láàárọ̀, a tún fẹ́ kí ọlọ́pàá mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Ta ni yóò dárúkọ wọn? Òkú?

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá kò le. Kí tẹ́ṣàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fóònù kan tí ọ̀gá kan ṣoṣo ń gbé. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹni tó pè sínú ìwé orí káńtà. Ọlọ́pàá tó bá tú u síta, kí ó fojú winá òfin. Bí wọ́n bá sì gbé ọ̀gá náà lọ sí ìlú mìíràn, kí nọ́ńbà náà má bá a lọ.