Àtúnṣe: Àyà jíjá lè ṣe ọkàn ní jàǹbá

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé kò sí bí ẹ̀rù ṣe lè ba èèyàn tó, kò lè ṣe ọkàn ní nǹkan kan. Kí ẹni tí àyà rẹ̀ já ṣáà mu omi tútù, kó lọ sùn. Irọ́ ni.

Lóòótọ́, àyà ọ̀pọ̀ wa á lù kìkì, á sì rọlẹ̀. Àmọ́ ní January 17, 1994, ilẹ̀ mì tìtì ní Los Angeles láàárọ̀ kùtù. Èèyàn 24 ni ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì lọ́jọ́ náà. Nǹkan bíi 5 ló ń rí bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni takotsubo, àìsàn ọkàn kan tí àwọn dókítà Japan sọ lórúkọ ní 1990. Ìkòkò apẹja ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ọrùn ìkòkò náà há, ìdí rẹ̀ wú. Bí apá òsì ọkàn ṣe ń rí gan-an nìyẹn bí ìpayà bá tú adrenaline, èròjà tí ara ń pèsè bí ẹ̀rù bá bà wá, rẹpẹtẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́. Àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló ń ṣe jù. Púpọ̀ wọn ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gbádùn, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì nílé.